Èrò Tí Kò Fi Nǹkan Sílẹ̀ Lórí Tábìlì

Fort Lauderdale,
16 Nofẹ́ńbà, 2003

Pai mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àìfojúrínjú. Ṣé bàbá mi ń bẹ lálàáfíà? Mai, ìyá mi náà ńkọ́? Orúnkún wọn ńkọ́? Ẹ bá mi kí ẹlẹ́dẹ̀ yín pẹ̀lú, torí mo mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ràn jù nínú gbogbo wa. Èmi wà láàyè, ọkọ̀ wa ṣì wà lórí omi, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ilé àwọn atukọ̀ tó wà lẹ́bàá èbúté ni mo ti jókòó kọ lẹ́tà yìí. Mi ò lè pè yín lórí fóònù mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, "Ta nìyẹn?" lẹ máa ń pariwo títí owó inú káàdì á fi tán. Etí yín ló di, àpò mi ló ń san gbèsè rẹ̀.

Wọ́n ti yọ mí kúrò ní gbọ̀ngàn ìjẹun ńlá. Ẹ má tíì ṣe àmì àgbélébùú, mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé mi sókè ni. Ilé oúnjẹ kan wà lókè ọkọ̀, lápá ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé ẹran màlúù yíyan nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé oúnjẹ ti wà nínú owó ọkọ̀ tí èrò san láti ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jẹ níbi tiwa gbọ́dọ̀ san owó mìíràn lọ́tọ̀ kó tó wọlé. Èmi ni olórí àwọn agbóúnjẹ ibẹ̀ báyìí. Wọ́n ti fún mi ní aṣọ dúdú àti táì. Ketut, ọmọ Bali, ló ń bá mi gbé àwo. Marisol, ọmọ Honduras, ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí wọn káàbọ̀.

Mo mọ̀ yín, ẹ ti fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn tí èrò máa ń fún agbóúnjẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀bùn wa ti wà nínú owó tí wọ́n san lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tínú rẹ̀ bá dùn lè fi nǹkan kún un, ẹni tí kò bá sì fi kún un, a ò ní bojú jẹ́ sí i. Ibi tí wàhálà wà ni pé kò sí èrò kankan tó mọ èyí tó yẹ kóun ṣe. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, ọkọ á máa wo ìyàwó, ìyàwó á máa wo àjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan láti Ohio fọwọ́ pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, sọ òótọ́ fún mi. Bí mo bá dìde báyìí tí mo lọ, ṣé ẹ máa sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn?" Mo ní, "Ìyá, a máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n rere la máa sọ." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì fi nǹkan sílẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Ó dáa, ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí. Ẹni tó bá ti dé ipò tí mo wà yìí lè pe bàbá àti ìyá rẹ̀ wá sínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọkọ̀ wa máa yí ayé ká. Ní Máàṣì, a máa dé Mumbai, a máa sun òkun mọ́jú, ilẹ̀ á sì mọ́ bá wa ní Mormugão, lẹ́yìnkùlé yín níbẹ̀. Ẹ̀yin àti Mai, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Mumbai. Ẹ wọ ọkọ̀ mi, kí ẹ jẹun alẹ́ lórí tábìlì mi, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ lọ bá ẹlẹ́dẹ̀ yín. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ ti dé ilé iṣẹ́ wa kí Jánúárì tó parí.

Pai, láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wà ní géńdé títí irun yín fi funfun lẹ fi ń gbé oúnjẹ fún èrò inú ọkọ̀ òkun, Bombay sí Mombasa, Mombasa sí Bombay. Ẹ kò fi ẹ̀ẹ̀kan jókòó rí ní yàrá ìjẹun tẹ́ ẹ̀ ń gbálẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ jókòó lẹ́ẹ̀kan, kí n gbé e fún yín. Ohun tí mo fẹ́ lọ́dún yìí nìyẹn, mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ọmọ yín,
Bosco


Assolna,
9 Disẹ́ńbà, 2003

Bosco ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le koko. Mai rẹ ní orúnkún òun le ju tèmi lọ, má gbà á gbọ́. Mo jíṣẹ́ rẹ fún ẹlẹ́dẹ̀. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n òun náà kì í fi etí dídi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Inú mi dùn sí ipò tuntun yìí. Mo ti sọ ọ́ nílé ọtí, mo sì ra ọtí kajú fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Inácio tá a jọ ń mutí níbẹ̀ ní kí n bi ọ́ bóyá ìwọ lo ń so táì náà fúnra rẹ àbí Ketut ló ń bá ọ so ó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn tó o sọ yẹn ni kò yé mi. Kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, kó tó rí oúnjẹ, kó tó rí ojú ẹni tó máa gbé e wá, kí wọ́n wá ní ẹ̀bùn ti wà níbẹ̀? Ẹ̀bùn kọ́ nìyẹn, owó ibodè ni. Ẹ̀yìn oúnjẹ ni ẹ̀bùn máa ń wá. Báwo ni èrò ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá o gbọ́n àbí o gọ̀ nígbà tó ti sanwó rẹ kó tó rí ọ? Ẹni tó gọ̀ á gbà, ẹni tó gbọ́n á gbà, ta ló wá fẹ́ gbọ́n mọ́?

Nígbà tiwa, alẹ́ tó gbẹ̀yìn nìkan ni. Kò sí èrò gidi tó ń fún èèyàn ní nǹkan nígbà tí ìrìn àjò kò tíì parí. Ní alẹ́ yẹn, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á sì rọra fi í há ọ lọ́wọ́. Ìwọ náà á máa wo ojú wọn, á máa kí wọn pé ilé á bá wọn lálàáfíà. O ò gbọdọ̀ wo ọwọ́. Sítúwáàdì tó bá wo ọwọ́ èrò ti ta ara rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin kan láti Velim tú tirẹ̀ wò níwájú obìnrin tó fún un. Àwo fífọ̀ ni wọ́n ní kó máa ṣe láti ọjọ́ náà, a ò sì jẹ́ kó gbàgbé títí ó fi fẹ̀yìntì. Ìgbà tó kú, lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ohun tá a ṣì ń sọ nìyẹn.

Bá mi wá tọ́ọ̀ṣì tó lágbára, èyí tí mo ní kò ríran ju èmi fúnra mi lọ. Mai rẹ ní kó o fi ṣokoléètì sí i. Òrùlé ilé ti ń jò lápá ibi tí ère Màríà wà, a ti gbé Màríà lọ sí yàrá rẹ.

Pai rẹ,
Zeferino Colaco, sítúwáàdì tó ti fẹ̀yìntì

Bosco, èmi Mai ni mo kọ ti ìsàlẹ̀ yìí. Pai rẹ ti jáde lọ mutí, ó fi bébà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ìgbà mẹ́ta ló ka lẹ́tà rẹ. Ibi tó o ti ní ká wá jẹun yẹn, ó kà á sókè fún alábúrẹ́dì, ọkùnrin náà gbé kẹ̀kẹ́ dúró títí búrẹ́dì rẹ̀ fi tutù. Wá wo bó ṣe fo ọ̀rọ̀ náà báyìí bí ẹni fo kòtò. Má jẹ́ kó fò ó. Ní tèmi, mò ń bọ̀. Ṣé àga ibẹ̀ ní ìrọ̀rí?


Philipsburg,
4 Jánúárì, 2004

Pai mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo fún wa. Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ sọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ táì, ẹ dá ilé iṣẹ́ wa lẹ́jọ́, ẹ tún yẹ sàréè ọkùnrin Velim wò. Ohun kan ṣoṣo tí mo bi yín ni ẹ ò dáhùn. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé agbóúnjẹ kì í gbàgbé ohun tí èrò béèrè.

Èmi ni mò ń so táì mi. Ẹ sọ fún Inácio bẹ́ẹ̀.

Mo ka ọ̀rọ̀ owó ibodè yín sétí Ketut, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe rí fún yín. Èyí tí èrò bá fi kún un, kì í ṣe ti ẹni tó gbà á. Àpótí kan wà ní yàrá àwo, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń sọ ọ́ sí, a ó sì pín in, títí kan àwọn tó ń fọ ìkòkò. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ pamọ́, wọ́n á dá a padà sílé. Ẹ rí i pé àwa náà ní òfin.

Àwọn èrò ni kò ní òfin. Ọkùnrin kan láti Texas fi owó sábẹ́ àwo rẹ̀ nígbà tó fẹ́ dìde. Ìyàwó rẹ̀ ní wọ́n ti gba tìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, ó sì mú un padà sínú àpò. Bí wọ́n ṣe jáde, ọkọ ní òun gbàgbé awò ojú òun. Ó padà wá, ó fi òmíràn sílẹ̀. Kò pẹ́, ìyàwó náà ní òun gbàgbé gèlè ọrùn òun. Ó wọlé, ó mú un. Awò ojú náà wà lójú ọkọ, gèlè náà wà lọ́rùn ìyàwó, gbogbo wa ń wò wọ́n. Marisol ló là wọ́n: ó di kéèkì fún ìyàwó, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Bí ọwọ́ méjèèjì obìnrin náà ṣe kún fún kéèkì báyìí, ọkọ fi owó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà kẹta, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíràn fi ohun kan tá a rò pé owó dọ́là ńlá ni sílẹ̀, a tú u, ìwé ìwàásù ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ǹjẹ́ o mọ ibi tí ọkàn rẹ ń lọ?" Ketut ní òun mọ̀, ọkàn òun ń lọ sí Bali, owó ọkọ̀ ló kù.

Mai, àga ibẹ̀ ní ìrọ̀rí, ó tún ní ìgbápálé.

Pai, Jánúárì ń lọ o. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ọmọ yín,
Bosco


Assolna,
21 Jánúárì, 2004

Bosco,

Mi ò fo ohunkóhun. Mò ń rò ó ni. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Wò ó, Máàṣì ni àwọn tó ń bá wa gun àgbọn máa ń wá, bí mi ò bá sì sí nílé, ìdajì ló máa délé wọn. Ta ló máa fún ẹlẹ́dẹ̀ lóúnjẹ? Alábúrẹ́dì ní òun á ṣe é, ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe ń wo ẹlẹ́dẹ̀ náà, ojú ọbẹ̀ ló fi ń wò ó. Aṣọ dúdú tí mo fi gbéyàwó sì ti kọ̀ mí sílẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, bọ́tìnnì kan fò, ó ba Mai rẹ níwájú orí.

Ó tó, jẹ́ kí n sọ òótọ́, torí o máa béèrè náà ni. Bí mo bá jókòó, tó o sì gbé oúnjẹ fún mi, kí ni kí n ṣe bí mo bá jẹun tán? Bí mo bá fún ọ lówó, mo ti sọ ọmọ mi di ìránṣẹ́. Bí mi ò bá fún ọ, mo ti rẹ́ agbóúnjẹ jẹ, irú èèyàn tí mo ti ń bú láti ọjọ́ tí mo ti wọ ọkọ̀. Èwo ni kí n ṣe níbẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti gba lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ ni mo ti ń rò ó, mi ò rí ojúùtú rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kó ọwọ́ mi sí nígbà tí ẹlòmíràn bá ń gbé àwo. Ojú máa tì mí, Bosco. Ó máa ti ìwọ náà.

Mú Mai rẹ lọ. Ní tèmi, jẹ́ kí n máa gbọ́ ọ láti ilé.

Pai rẹ,
Zeferino Colaco, sítúwáàdì tó ti fẹ̀yìntì

Èmi Mai nìyí. Má dá a lóhùn. Ọmọ àbúrò mi tó ní kọ̀ǹpútà ní Margao ti bá mi fi orúkọ àwa méjèèjì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ yín. Fọ́tò tí Pai rẹ ṣì nírun lórí ni mo fi sí i, sọ fún wọn kí wọ́n má dààmú bí wọ́n bá rí i. Tí kò bá lọ, màá lọ, màá sì jẹ oúnjẹ tirẹ̀ mọ́ tèmi. Orí mi ti san níbi tí bọ́tìnnì ti bà á.


Málaga,
14 Fébúárì, 2004

Pai mi,

Ẹ kú ilé. Mo bínú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó tutù.

Ẹ béèrè èwo ni kí ẹ ṣe. Ẹ má ṣe ìkankan. Ẹ kò ní san nǹkan lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kò sì ní fi nǹkan sílẹ̀ lórí tábìlì. Òfin tábìlì ẹbí nìyẹn, gbogbo wa la jọ ṣe é. Nígbà tí ìyá Ketut wá lọ́dún tó kọjá, ó jẹun yó, ó gbá wa létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan torí pé a rù, ó sì lọ sùn. Kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni ní ìránṣẹ́.

Gbogbo ohun tí mo jẹ dàgbà, ẹ̀bùn tí èrò há yín lọ́wọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé bàtà tí mo fi gba Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́, obìnrin arúgbó kan tó ń lọ sí Zanzibar ló rà á, kò sì mọ̀ pé òun rà á. Ilé tẹ́ ẹ jókòó sí tí òrùlé rẹ̀ ń jò, àwọn èrò ló kọ́ ọ. Mo ti jẹun yín tó, Pai. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ tèmi, ẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ àgbọn. Ó dùn mí.

Tábìlì yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ti kọ orúkọ yín sí i. Bí ẹ ò bá wá, Mai á jókòó síbẹ̀ ti àwọn ti àga òfìfo, èmi ni wọ́n á sì máa bi pé ta ni à ń retí.

Ẹ kọ̀wé sí mi sí Suez, ọ̀dọ̀ aṣojú ọkọ̀ wa.

Ọmọ yín,
Bosco


Suez,
28 Fébúárì, 2004

Pai mi,

Lẹ́tà wà níbí fún Ketut. Lẹ́tà méjì wà fún Marisol, ọ̀kan nínú wọn ń rùn bí òdòdó, a ti ń bi í lọ́wọ́ ta ló ti wá. Kò sí ọ̀kankan fún mi.

Bóyá ẹ̀ ń bínú. Bóyá ẹ kọ ọ́, ó sì ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ọjọ́ kẹtàlá Máàṣì, ní ọ̀sán, a máa wà ní Mumbai. Mi ò tíì pa orúkọ yín rẹ́.

Bosco


Kochi,
16 Máàṣì, 2004

Pai mi,

Ẹ kú ìrìn àjò o. Ṣé ẹ délé láyọ̀? Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ pé?

Ẹ mọ̀ pé ẹ dẹ́rù bà mí. Mai nìkan ni mo kọ́kọ́ rí lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, pẹ̀lú agbọ̀n ṣoríso wọn, sọ́sééjì ẹlẹ́dẹ̀ tí òórùn rẹ̀ mú kí ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ gbàgbé ohun tó ń wá nínú rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí sítúwáàdì arúgbó kan tó wọ kóòtù funfun, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán bí ojú ológbò. Mo ní ta ni wọ́n tún gbà síṣẹ́. Ẹ̀yin ni. Ẹ wá sọ pé kóòtù iṣẹ́ yín àtijọ́ yẹn nìkan ló ṣì gbà yín láyè nínú gbogbo aṣọ yín.

Mo fẹ́ ròyìn yín fún ara yín, torí ó dà bíi pé ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe. Gbogbo ìgbà tí ọ̀gá mi bá kọjá lẹ̀ ń dìde dúró. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíràn kí ẹ lè ráyè jẹun. Ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ nu fọ́ọ̀kì tí Ketut ti nù. Ẹ bi Ketut ní ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì ló ti máa gbé ọbẹ̀ wá, ọmọ náà gbàgbé èyí tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ jẹ ẹran tán, ẹ to àwo yín àti ti Mai léra wọn, ẹ gbá èérún búrẹ́dì jọ.

Mo lọ gbé ohun dídùn yín, mo padà dé, àga yín ti ṣófo. Mai ń jẹ búrẹ́dì yín, wọ́n fi ẹnu júwe ọ̀ọ́kán. Ẹ̀yin náà rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kejì, ẹ gbé jọ́ọ̀gì omi dání, ẹ fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ẹ̀ ń bu omi fún obìnrin Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, obìnrin náà ti bọ̀ yín lọ́wọ́, ó ti fi nǹkan há yín lọ́wọ́. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ ní, "Ẹ ṣé, Màdáámù, ilé á bá yín lálàáfíà." Ẹ wọ yàrá àwo lọ tààrà bí ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kan ọkọ̀, ẹ sọ ọ́ sínú àpótí wa, ẹ padà wá jókòó jẹ ohun dídùn yín. Ẹ kò wò ó. Ketut ní kò sí bí òun ṣe lè ṣe irú rẹ̀, láti ọjọ́ náà ló ti ń fi í dánrawò níwájú dígí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà tẹ́ ẹ dìde, ẹ fún Ketut ní àpòòwé tí owó wà nínú rẹ̀. Ẹ fún Marisol ní tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fún Marisol ní ìkẹta kó gbé e fún àwọn alásè. Ẹ wá dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ fọwọ́ kàn mí léjìká, ẹ ní, "Ó dáa," ẹ sì bá Mai lọ sùn. Láàárọ̀ ní Mormugão, bákan náà. Ẹ juwọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Lóòótọ́, èmi ni mo ṣe òfin pé kí ẹ má fi nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rú u fún gbogbo ayé, orí tèmi nìkan lẹ ti wá pa á mọ́. Wọ́n ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà dé Kochi. Ketut ní bóyá ọbẹ̀ ni mo gbé wá ní ọwọ́ tí kò yẹ. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo dé yàrá mi, mo bi ara mi bóyá iṣẹ́ mi kò tó lójú yín ni. Kì í ṣe owó ni mò ń béèrè, Pai, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà sọ fún mi.

Ọmọ yín,
Bosco


Assolna,
29 Máàṣì, 2004

Bosco ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ketut, mo kí Marisol àti ẹni tó ń kọ̀wé olóòórùn sí i. A délé láyọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ pé, àgbọn kò pé. Inácio kò tíì gbà pé mo jókòó. Ó ní bí mo bá jókòó lóòótọ́, kí n sọ àwọ̀ ìrọ̀rí àga náà. Mai rẹ ló gbà mí sílẹ̀, òun ló wò ó dáadáa. Ó sì ti ní kí n wá irú rẹ̀ fún òun.

Ní ti obìnrin yẹn, gíláàsì rẹ̀ ti gbẹ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹran dé iwájú rẹ̀, Ketut ń wo òkun. Sọ fún un pé òkun kì í béèrè omi. Ọwọ́ ló gbé mi dìde, kì í ṣe èmi. Mai rẹ bi mí pé èló ni obìnrin náà fún mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Lẹ́tà rẹ láti Málaga dé ọ̀dọ̀ mi. Mo kọ èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ya méjèèjì. Ohun tó o sọ nípa bàtà yẹn ni kò jẹ́ kí n rí nǹkan kọ. Mo wá ní kí n kúkú fi ẹsẹ̀ mi dáhùn.

Mo bẹ̀rù alẹ́ yẹn, mo lè sọ ọ́ báyìí tó ti kọjá. Mo rò pé ojú á tì mí bó o bá tẹrí ba níwájú mi pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ojú kò tì mí rárá. O gbé e wá láti ọwọ́ tó yẹ, o ò kán nǹkan sílẹ̀, ojú mi lò ń wò. Mai rẹ ní ẹran náà rọ̀ bí ẹ̀dọ̀. Mi ò mọ̀, ìwọ ni mò ń wò. Inú mi dùn. Iṣẹ́ rẹ tó, Bosco. Ó ju tèmi lọ, bí o bá sì sọ fún Inácio pé mo wí bẹ́ẹ̀, màá sẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àpòòwé. Ketut sọ fún mi pé òun ń padà sílé ní Épírì, òun ò sì mọ ọkọ̀ tí wọ́n máa gbé òun sí lẹ́yìn náà. Marisol náà ti fẹ́ kúrò, mo rò pé ẹni olóòórùn yẹn ló ń pè é. Àwọn alásè kò rí ojú mi, èmi náà kò rí tiwọn. Bóyá ni mo máa tún pàdé ìkankan nínú wọn, mo bá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì dágbére fún wọn.

Ìwọ ńkọ́? Mo ti kọ ọ́ sí ọ láti Disẹ́ńbà, o ò kàn kà á dáadáa ni, torí ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin Velim lò ń wá. Mo ní kò sí èrò gidi tó ń fún èèyàn ní nǹkan nígbà tí ìrìn àjò kò tíì parí. Èrò tó bá fún ọ ní tìrẹ ní èbúté àkọ́kọ́, ó ti bá ọ parí nìyẹn, o ò ní rí i mọ́. Èyí tó bá sọ̀ kalẹ̀ láìfi nǹkan sílẹ̀, tó kàn fọwọ́ kàn ọ́ léjìká, ilẹ̀ ló lọ tẹ̀ díẹ̀, ó ń padà bọ̀. Irú wọn la máa ń pa àga mọ́ fún.

Mormugão tí mo sọ̀ sí yẹn, ẹlẹ́dẹ̀ ni mo lọ fún lóúnjẹ. Béèrè ìgbà tí ọkọ̀ yín á tún gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Mai rẹ ti ń tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ dúdú mi, ó ní òun á fi aṣọ kún un kí bọ́tìnnì má baà tún pa òun. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn náà ni kó o fi mí sí.

Mo wà lójú ọ̀nà,
Zeferino Colaco, èrò inú ọkọ̀ rẹ